Blackjack: Ohun Tó Yẹ Kí N Ti Kọ́ Àbúrò Mi

Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ́ àbúrò mi ní Blackjack. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ó má bàa dà bíi pé mò ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Nígbà ìsinmi Kérésìmesì, iná kò sí ládùúgbò wa fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Fóònù gbogbo wa ti kú, a sì ti ta Whot títí ó fi sú wa. Mo bá yọ páálí káàdì kan tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọjà láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, mo ní, "Jókòó, jẹ́ kí n fi èyí tí wọ́n ń ta nínú fíìmù hàn ọ́." Òfin mẹ́ta péré ni èmi fúnra mi mọ̀: kí káàdì rẹ sún mọ́ 21, kí ó má kọjá 21, kí ó sì ju ti ẹni tó ń pín káàdì lọ. Ẹ̀pà la fi ta á. Ó jẹ gbogbo ẹ̀pà mi tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹta, Màmá wa kó àjọ, wọ́n sì fi 85,000 náírà ránṣẹ́ sí i níbi tó ti ń kàwé, pé kó fi san owó iléèwé. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni owó náà fi tán sórí ìkànnì tẹ́tẹ́ kan tó wà lórí fóònù rẹ̀. Nígbà tó pè mí láago méjì òru, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú, geèmù yẹn tí ẹ kọ́ mi ni." Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò yóò mọ bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọni lára.

Gbogbo wa ní ẹ̀ka yìí la mọ̀ pé a kì í ṣe ọmọ ìṣirò. Fonọ́lọ́jì àti lítíréṣọ̀ la wá kọ́. Ṣùgbọ́n Statistics ni ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ń kà, òun ni mo sì lọ bá. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí ọmọ tó gbọ́n bíi ti àbúrò mi ṣe lè pàdánù owó tó tó yẹn nídìí káàdì. Ó ní òun ò lè fi ẹnu lásán ṣàlàyé rẹ̀, pé kí n lọ ra kóńgò ẹ̀wà kan àti ìwé ìdárayá kan. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta Blackjack lórí ilẹ̀ yàrá wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ta á, torí pé òfin mẹ́ta tí mo mọ̀ yẹn kò tó nǹkan.

Káàdì 52 ló wà nínú páálí kan. Láti 2 dé 10, iye tó wà lára káàdì ni iye rẹ̀. Jáàkì, Kúìn àti Kíǹgì, 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Éèsì ló ní ojú méjì: ó lè jẹ́ 1, ó sì lè jẹ́ 11, èyí tó bá ṣe ẹni tó mú un láǹfààní. Pupa ni o, dúdú ni o, àwọ̀ káàdì kò já mọ́ nǹkan kan níbí. Àwọn tó jókòó sídìí tábìlì kì í bá ara wọn ta. Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bá ta, ìyẹn ẹni tó ń pín káàdì lórúkọ ilé tẹ́tẹ́. N ó máa pè é ní apínkáàdì.

Ẹ ó kọ́kọ́ fi owó yín sílẹ̀. Apínkáàdì yóò fún yín ní káàdì méjì, òun náà yóò mú méjì. Yóò ṣí ọ̀kan nínú tirẹ̀ sílẹ̀, yóò sì da èkejì dojú bolẹ̀. Bí méjì àkọ́kọ́ yín bá jẹ́ Éèsì kan àti káàdì oní-10 kan, Blackjack nìyẹn. Ẹ ti jẹ lójú ẹsẹ̀, àfi tí apínkáàdì náà bá ní irú rẹ̀, èrè yín sì jẹ́ owó yín àti ààbọ̀ rẹ̀: 1,500 lórí 1,000 náírà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó yàn bóyá kí ẹ gba káàdì sí i tàbí kí ẹ dúró. Bí ẹ bá gbà á tí ó kọjá 21, káàdì yín ti bẹ́, bí táyà ṣe ń bẹ́ lójú ọ̀nà, owó yín sì ti lọ. Ìgbà tí gbogbo yín bá ṣe tán ni apínkáàdì yóò tó ṣí káàdì tó dojú bolẹ̀. Òun kò ní yíyàn kankan. Bí tirẹ̀ kò bá tó 17, dandan ni kó gbà sí i. Bó bá ti pé 17, dandan ni kó dúró. Bí tirẹ̀ bá bẹ́, yóò san owó fún gbogbo ẹni tó ṣì wà nínú eré. Bí kò bá bẹ́, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ló jẹ. Bí wọ́n bá dọ́gba, ọ̀mì ni, kálukú á mú owó rẹ̀.

Nǹkan méjì míì wà tí apínkáàdì kò lè ṣe, tí ẹ̀yin lè ṣe. Ẹ lè sọ owó yín di ìlọ́po méjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí káàdì méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n káàdì kan péré ni wọn yóò fún yín sí i. Bí méjì náà bá sì jẹ́ ìbejì, bíi 8 àti 8, ẹ lè pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi owó míì ti èkejì, kí ẹ máa ta á bí eré méjì.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé dé ibí yìí, ó dà bíi pé ẹni tó ń ta ni òfin ń gbè. Ẹ ní yíyàn, apínkáàdì kò ní. Wọ́n ń san ju owó yín lọ fún yín bí ẹ bá ní Blackjack. Bí apínkáàdì bá ní tirẹ̀, kìkì owó yín ló ń mú. Mo bi í pé, "Níbo gan-an ni ilé tẹ́tẹ́ ti ń jèrè?" Ó ní kí n tún òfin náà kà, kí n wo ẹni tó ń kọ́kọ́ bẹ́.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ̀yin lẹ ń kọ́kọ́ ta. Bí tiyín bá bẹ́, wọ́n ti kó owó yín kí apínkáàdì tó fọwọ́ kan káàdì tirẹ̀. Bí òun náà bá wá bẹ́ lẹ́yìn náà, a kì í pe ìyẹn ní ọ̀mì, owó yín kò ní padà. Apínkáàdì máa ń bẹ́ ní nǹkan bí ìgbà 28 nínú 100. Ká ní ẹ̀yin náà ń ta gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀, tí ẹ ń gbà títí ẹ fi dé 17, ẹ̀yin náà yóò máa bẹ́ ní nǹkan bí ìgbà 28. Ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì yóò bẹ́ pọ̀ yóò wá jẹ́ 28 nínú 100 lọ́nà 28 nínú 100, èyí tó sún mọ́ 8 nínú 100. Nínú ìgbà 8 yẹn, ilé tẹ́tẹ́ ló ń kówó. Ààbọ̀ tí wọ́n ń fi kún owó yín bí ẹ bá ní Blackjack ń dá díẹ̀ padà fún yín, ó ju 2 lọ díẹ̀ nínú 100. Ohun tó kù sọ́wọ́ ilé tẹ́tẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 5 àtààbọ̀. Nínú gbogbo 1,000 náírà tí ẹ bá fi sílẹ̀, náírà 55 ti di tiwọn ní ìpíndọ́gba. Kò sí èrú kankan nínú rẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ ta, ta ló ta gbẹ̀yìn, ìyẹn náà ló fa gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Blackjack tí wọ́n ń san ààbọ̀ lé lórí yìí náà gba àkíyèsí. Ọ̀nà 1,326 ló wà láti mú káàdì méjì nínú 52. Éèsì mẹ́rin àti káàdì oní-10 mẹ́rìndínlógún lè pàdé ara wọn lọ́nà 64. Ẹ̀ẹ̀kan nínú bí ìgbà 21 nìyẹn, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín pé 21 náà ló tún jẹ́. Àwọn tábìlì kan wà tí wọn kì í san 1,500 lórí 1,000, 1,200 ni wọ́n ń san. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní 300 náírà kí ni. Ṣùgbọ́n 300 yẹn, tí ẹ bá pín in sórí ìgbà 21, bí náírà 14 ló ń já sí lórí gbogbo 1,000 tí ẹ bá fi sílẹ̀. Nídìí eré tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa ti ń pàdánù náírà 5 péré lórí 1,000, ẹ rí i pé 14 kì í ṣe ohun kékeré rárá.

Báwo ni èèyàn ṣe ń ti 55 sọ̀ kalẹ̀ sí 5? Ohun tí mo kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nìyẹn, òun náà sì ni mo rò pé ó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mò ń bá àbúrò mi ta, káàdì tèmi nìkan ni mo ń wò. Bí mo bá ní 16, ẹ̀rù á bà mí, màá dúró. Ọ̀rẹ́ mi ní bí ọ̀pẹ ṣe ń ta nìyẹn, pé káàdì kan tí apínkáàdì ṣí sílẹ̀ yẹn ni ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Oríṣi káàdì 13 ló wà, láti Éèsì dé Kíǹgì. Bí ẹ bá ní 12, mẹ́rin nínú wọn ló lè mú kó bẹ́. Bí ẹ bá ní 16, mẹ́jọ ni, láti 6 lọ sókè. Ìṣirò kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún apínkáàdì, ṣùgbọ́n òun kò lè sá fún un. Bó bá ṣí 6 sílẹ̀, ó ṣeé ṣe dáadáa kí 10 wà lábẹ́, kó di 16, dandan sì ni kó gbà sí i. Ìdí nìyẹn tí apínkáàdì tó bá ṣí 6 fi ń bẹ́ ní nǹkan bí ìgbà 42 nínú 100. Bó bá jẹ́ 7 ló ṣí, iye yẹn á já wálẹ̀ sí bí 26, nítorí pé 7 àti 10 ti di 17, ó ti dúró. Àárín 6 àti 7 ni odi ìlú wà.

Láti orí odi yìí ni ìyókù ti ń wá. Bí ẹ bá ní 13 sí 16, tí apínkáàdì ṣí 2 sí 6, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí òun lọ bẹ́. Bó bá ṣí 7 lọ sókè, ẹ gbà sí i, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà yín. Bí ẹ bá ní 12, orí 4, 5 àti 6 nìkan ni ẹ ti máa dúró. 17 lọ sókè, ẹ dúró. Bí ẹ bá ní 11, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ máa sọ owó di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá ní 10, ẹ ṣe é àfi tí apínkáàdì bá ṣí 10 tàbí Éèsì. Éèsì méjì, ẹ pín wọn. 8 méjì, ẹ pín wọn. 10 méjì, ẹ má ṣe pín in láé: 20 ni ẹ ní lọ́wọ́, kí lẹ tún ń wá? Bí Éèsì bá wà lọ́wọ́ yín tó ṣì lè jẹ́ 11, ẹ lè gbà láìbẹ̀rù títí dé 17, torí pé bó bá fẹ́ kọjá 21, ẹ ó kàn sọ Éèsì di 1 ni.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ síbí yìí bí ọmọ ẹ̀ka wa. Nígbà tí mò ń kọ́ èyí, mo ṣàkíyèsí pé òǹkà Yorùbá ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún mi. Láti 11 dé 14, ẹẹ́wàá là ń fi kún: ọ̀kanlá, éjìlá, ẹ́tàlá, ẹ́rìnlá. Tó bá ti di 15, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò nínú ogún: ẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ́rìndínlógún, ẹ́tàdínlógún. Ibi tí ewu ti ń pọ̀ sí i nínú Blackjack ni òǹkà wa ti kẹ̀yìn sí ẹẹ́wàá tó kọjú sí ogún. Nígbà tí mo bá mú 16, tí mo sì pè é ní ẹ́rìndínlógún, ó ti sọ fún mi pé mẹ́rin ló kù kó pé ogún. Kíkà rẹ̀ kò gba àkókò. Ọ̀rẹ́ mi tó fi Gẹ̀ẹ́sì ka gbogbo tirẹ̀ kò gbà pé èyí já mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo yára jù ú lọ nídìí rẹ̀.

Ẹ̀yí tó le jù fún mi láti gbà ni 16 tó dojú kọ 10. Bí ẹ bá gbà sí i, mẹ́jọ nínú oríṣi 13 ló máa bẹ́. Bí ẹ bá dúró, kìkì tí apínkáàdì bá bẹ́ ni ẹ lè jẹ, ìyẹn kò sì pé ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Ọ̀nà méjèèjì, ní ìpíndọ́gba, ẹ ń pàdánù ju ìdajì owó yín lọ. Gbígbà fi díẹ̀ sàn ju dídúró lọ, díẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ọ̀pọ̀ ohun tí ìwé ń kọ́ ẹni nídìí Blackjack kò jẹ mọ́ bí èèyàn ṣe máa jẹ, bí kò ṣe bí àdánù rẹ̀ ṣe máa kéré.

Nígbà míì, bí apínkáàdì bá ṣí Éèsì, yóò bi yín bóyá ẹ fẹ́ ra ìdójútòfò. Ìdajì owó yín ni ẹ ó fi lé e. Bí káàdì tó dojú bolẹ̀ bá jẹ́ oní-10, wọ́n á san ìlọ́po méjì rẹ̀. Orúkọ náà dùn létí, ta ni kò fẹ́ ìdójútòfò? Ṣùgbọ́n nínú oríṣi 13, mẹ́rin péré ni 10, mẹ́sàn-án kì í ṣe 10. Nínú ìgbà 13, ẹ ó jẹ ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìyẹn 8, ẹ ó sì pàdánù 9. Ẹ kàn dá wọn lóhùn pé rárá.

Kì í ṣe ilé tẹ́tẹ́ ló ṣe ìṣirò tí mo kọ sókè yìí. Eré náà ti pẹ́: Cervantes, òǹkọ̀wé ọmọ Sípéènì, ti dárúkọ irú rẹ̀ kan nínú ìtàn tó tẹ̀ jáde ní 1613. Àwọn Faransé ń pè é ní vingt-et-un, àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Pọ̀bẹ̀ kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún wọn. Ṣùgbọ́n 1956 ni wọ́n tó tẹ ìṣirò ọ̀nà tó dára jù láti ta á jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ Statistics ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ogun mẹ́rin ló ṣe é ní bárékè Aberdeen ní ìpínlẹ̀ Maryland: Roger Baldwin, Wilbert Cantey, Herbert Maisel àti James McDermott. Wọn kò ní kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní yàrá wa, a dán an wò. Ìgbà 500 ni mo kọ́kọ́ ta bí apínkáàdì ṣe ń ta, ẹ̀wà kan lẹ́ẹ̀kan. Mo pàdánù ẹ̀wà 34. Mo tún ta ìgbà 500 míì, lọ́tẹ̀ yìí mo lẹ ìwé òfin mọ́ ògiri, n kò sì yà kúrò nínú rẹ̀. Mo jèrè ẹ̀wà 9! Mo dìde, mo jó. Ọ̀rẹ́ mi kò jó. Ó ní nínú ìgbà 500, kò sí ohun tó yani lẹ́nu bí èsì bá fi nǹkan bí ẹ̀wà 26 ga tàbí fi iye kan náà wálẹ̀ ju ohun tó yẹ lọ, orí burúkú àti orí rere lásán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí n retí ni àdánù ẹ̀wà méjì tàbí mẹ́ta. 9 tí mo jẹ kò fi nǹkan kan hàn. Inú bí mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rántí ẹ̀pà Kérésìmesì. Àbúrò mi jẹ mí lálẹ́ ọjọ́ kan, nínú bóyá ogójì ìgbà, ó sì gbà pé òun mọ̀ ọ́n ta.

Ó ku ọ̀rọ̀ kíka káàdì, tí gbogbo ẹni tó ti wo fíìmù "21" tó jáde ní 2008 máa ń béèrè. Òótọ́ ni. Edward Thorp, olùkọ́ ìṣirò, ka iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun mẹ́rin yẹn, ó fi kọ̀ǹpútà IBM 704 ní MIT ṣe ìṣirò síwájú, ó sì kọ ìwé "Beat the Dealer" ní 1962. Ohun tó rí rọrùn láti lóye: káàdì tó bá ti jáde kò ní padà títí wọ́n á fi po wọ́n. Bí èyí tó kù bá kún fún 10 àti Éèsì, ẹni tó ń ta ló ń ṣe láǹfààní, nítorí pé Blackjack á máa yọ, apínkáàdì tí wọ́n fi dandan mú láti gba káàdì sórí 12 sí 16 á sì máa bẹ́. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù láti kà á ni pé bí 2 sí 6 bá jáde, ẹ fi 1 kún un. Bí 7 sí 9 bá jáde, ẹ fi sílẹ̀. Bí 10 tàbí Éèsì bá jáde, ẹ yọ 1. Ẹ ó wá fi iye páálí tó ṣẹ́ kù pín ohun tí ẹ rí, kí ẹ lè mọ bó ṣe lágbára tó.

Ẹni tó bá ti jókòó ti ọ̀ta ayò rí kò ní rí èyí bí idán. Ọmọ ayò 48 ló wà nínú ọpọ́n, ọ̀ta á sì fi ojú ka ti inú ihò láìfọwọ́ kàn án, á ti mọ ibi tí èyí tó kẹ́yìn máa já sí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ ayò ta, wọ́n á máa yìn ín. Ẹni tó bá ka káàdì ní Las Vegas, wọ́n á ní kó máa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ara rẹ̀ ló lò. Ní Atlantic City, Ken Uston gbé ọ̀ràn yìí lọ sí kọ́ọ̀tù, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní New Jersey sì dájọ́ ní 1982 pé ilé tẹ́tẹ́ kò lè lé èèyàn nítorí pé ó ń ka káàdì. Ilé tẹ́tẹ́ wá fi páálí 6 tàbí 8 pọ̀, wọ́n sì ń po káàdì kó tó tán. Ẹni tó bá sì kà á láìṣì, àǹfààní tó ń rí kì í sábà ju bí 1 nínú 100 lọ.

Ibi tí àbúrò mi ti ṣubú nìyí. Ó ti wo fídíò lórí kíka káàdì, ó sì ń kà á lórí fóònù. Nígbà tí a wá sọ fún Màmá wa, tí wọ́n sọkún tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: "Lórí fóònù yẹn, ta ló ń pín káàdì?" Kò mọ èsì. Ẹ̀rọ ni. Nínú irú èyí tó ta yẹn, lẹ́yìn gbogbo eré kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ń po gbogbo káàdì padà. Kò sí èyí tó ti lọ, kò sí èyí tó kù, kò sí nǹkan kan láti kà. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè ohun tí èmi àti àbúrò mi kò béèrè.

Ìṣírò kejì tó pa á ni ìlọ́po. Ó fi 500 bẹ̀rẹ̀. Bó bá pàdánù, á fi 1,000. Bó bá tún pàdánù, á fi 2,000. Pé ìgbàkígbà tó bá jẹ, gbogbo rẹ̀ á padà pẹ̀lú èrè 500. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, ó sì dà bí òótọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́ sílẹ̀: 500, 1,000, 2,000, 4,000, 8,000, 16,000, 32,000. Bí ẹ bá pàdánù léraléra ní ìgbà méje, 63,500 ti lọ, èyí tó kàn sì jẹ́ 64,000. Nínú 85,000, ohun tó kù sọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 21,500. Ọ̀nà ti dí.

Ṣé ìgbà méje léraléra jẹ́ ohun tó ṣọ̀wọ́n ni? Bí a kò bá ka ọ̀mì, ẹni tó ń ta bí apínkáàdì ń pàdánù ní nǹkan bí ìgbà 53 sí 54 nínú 100. Ìgbà méje léraléra yóò wá jẹ́ bí ẹ̀ẹ̀kan nínú gbogbo ìgbà 79 tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 500. Ìgbà 78 tó kù, ẹ ti jẹ 500, 500, àpapọ̀ 39,000. Ìgbà kan yẹn á gba 63,500. Àkọsílẹ̀ ìkànnì náà fi hàn pé ó ta ìgbà 391 láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Nídìí tábìlì gidi tó kún fún èèyàn, apínkáàdì kò lè pín ju bí ìgbà 60 lọ ní wákàtí kan. Ká ní ó kàn ń fi 500 ta ìgbà 391 yẹn láìlọ́po, àdánù rẹ̀ ní ìpíndọ́gba ì bá jẹ́ nǹkan bí 11,000 náírà. Ìyẹn náà dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó iléèwé. Ó ní ìgbà tó jẹ́ pé 21,500 ló kù, òun kàn fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú òun kò sì rí káàdì mọ́.

Mo san 30,000 nínú owó náà láti inú ohun tí mo fi pamọ́ fún iṣẹ́ àkànṣe mi. Òun ń tẹ iṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ó ti san apá tó pọ̀ nínú ìyókù, iléèwé rẹ̀ sì gbà kó san án díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ àkànṣe mi ń falẹ̀; ẹ̀yin tí ẹ jáde ṣáájú wa, bí ẹ bá ní fóònù àtijọ́ tó lè gba ohùn sílẹ̀ dáadáa, mo nílò rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kó káàdì lọ, mo sì kọ́ ọ ní gbogbo èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀wà Màmá la lò. Ó kọ́ ọ kíá, ó yára jù mí lọ. Nígbà tó yá, ó mú ẹ́rìndínlógún, Jáàkì sì wà nílẹ̀ níwájú mi. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀nà méjèèjì ni mo ti máa pàdánù, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gba káàdì, Kúìn ló jáde. A fẹ́ tún pín òmíràn, ṣùgbọ́n Màmá ti ń pè láti ilé ìdáná pé omi ti hó, kí a kó ẹ̀wà àwọn wá.